Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tó ń ṣe eré nípa Amẹ́ríkà ìgbà àtijọ́

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré, ẹ̀yin olùdarí, àti ẹ̀yin tó ń to ilé sílẹ̀ fún kámẹ́rà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó. Kò rọrùn láti gbé eré dé Amẹ́ríkà ọdún 1910 nígbà tó jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Houston lẹ ti ń yà á. Inú wa dùn pé ẹ ń dán an wò. Àwa tí à ń kọ lẹ́tà yìí, bí wọ́n ṣe ń gbé ilé ayé níbẹ̀ láàárín 1900 sí 1920 la fi ṣiṣẹ́ ṣe: ohun tí wọ́n fi ń dáná, ohun tí wọ́n fi ń fọṣọ, bí wọ́n ṣe ń tanná sí mọ́tò. Ohun kan ló ń dùn wá. Aṣọ inú eré yín sábà máa ń dára, fìlà máa ń bá orí mu, àmọ́ ọwọ́ òṣèré kì í ríṣẹ́ ṣe. Wọ́n á jókòó sínú mọ́tò, mọ́tò á gbéra. Wọ́n á gbé tẹlifóònù, ẹni tí wọ́n ń pè á dáhùn. Wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, omi tútù á jáde. Nígbà yẹn, kò sí ọ̀kan tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ti yí nǹkan, ti gbé nǹkan, ti da nǹkan nù. Ibẹ̀ gan-an ni eré wà, ibẹ̀ náà lẹ sì ń gé dànù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí mọ́tò bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ fẹ́ràn jù. Bí ìtàn yín bá wáyé ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 1908, ẹ má wulẹ̀ gbé Model T ti Ford síbẹ̀, kò tíì dáyé. Nígbà tó dé, 850 dọ́là ni èyí tó ń gba èrò márùn-ún, iye tó ju ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà lódindi ọdún kan lọ. Ní 1913 ni wọ́n yí ètò iṣẹ́ padà ní iléeṣẹ́ Highland Park ní Michigan, tí ọkọ̀ fi ń wá bá òṣìṣẹ́ níbi tó dúró sí dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá ọkọ̀. Àkókò tí wọ́n fi ń to ọkọ̀ kan já láti nǹkan bíi wákàtí 12 ààbọ̀ sí ìṣẹ́jú 93, owó ọkọ̀ náà sì ń já wálẹ̀ tẹ̀lé e. Àgbẹ̀ tó ń wa Model T ní 1909, olówó ni. Àgbẹ̀ tó ń wà á ní 1919 lè jẹ gbèsè dé ọrùn. Ẹ kíyè sí àwọ̀ rẹ̀ náà: ẹ̀yin tó ń kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, 1914 ni dúdú nìkan bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ 1909 lè jẹ́ pupa tàbí eérú tàbí àwọ̀ ewé.

Wàyí o, títan iná sí i. Ẹni tó bá ti yí ẹ̀rọ ìlọta rí, tàbí tó ti dúró wo ẹlẹ́rọ àdúgbò nígbà tó ń yí i, ó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fa ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ sẹ́yìn. Bíréèkì yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń de àwọn táyà ẹ̀yìn, ó sì ń yọ gíá kúrò. Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lábẹ́ sitiarín. Ti òsì ló ń sọ ìgbà tí iná plọ́ọ̀gì máa ṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ tì í sókè pátápátá kí iná náà lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Ti ọ̀tún ló fi ń fún ọkọ̀ níná. Ó máa fà á wálẹ̀ díẹ̀. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ iná nínú ọkọ̀ yìí o. Bí a bá rí òṣèré tó ń tẹ iná lẹ́sẹ̀, a ti mọ̀ pé mọ́tò tòde òní ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ síwájú ọkọ̀. Wáyà kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rèdíétọ̀. Tó bá fà á, afẹ́fẹ́ tó ń wọ kábúrétọ̀ á dín, epo á pọ̀. Bó ṣe fà á mú, ó yí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta kí epo lè wọlé. Ó padà sínú ọkọ̀, ó ṣí iná plọ́ọ̀gì. Ó tún jáde lọ síwájú. Ọwọ́ òsì ló fi máa di ọ̀pá náà mú, àtàǹpàkò á wà lápá kan náà pẹ̀lú ìka yòókù, kò gbọ́dọ̀ ká a mọ́ irin. Á tì í wọlé kó lè mú, á wá fà á sókè ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. A ò gbọ́dọ̀ tì í wálẹ̀ láé. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, ó ní láti sáré padà síbi sitiarín, kó fa irin òsì wálẹ̀, kó dín iná kù, kó tó di pé ẹ́ńjìnnì kú. Bó bá kú, a tún bẹ̀rẹ̀.

Kí nìdí gbogbo ìṣọ́ra yìí? Bí awakọ̀ bá gbàgbé láti ti irin òsì sókè, iná plọ́ọ̀gì á ṣẹ́ kí pístìnnì tó dé òkè, á sì dá a padà. Ọ̀pá náà á fò sẹ́yìn pẹ̀lú agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ká àtàǹpàkò mọ́ ọn, tàbí tó ń tì í wálẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀, egungun ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ. Ìdí tí wọ́n fi ń lo ọwọ́ òsì ni pé bí ọ̀pá bá fò sẹ́yìn, á já kúrò ní ìka tó ṣí sílẹ̀. Irú egungun ọwọ́ tó dá báyìí kò ṣàjèjì sí dókítà ìgbà náà rárá. Bí ẹ bá ń wá ìdí tí ọwọ́ ẹnì kan fi so mọ́ ọrùn nínú ìtàn yín, ẹ ò nílò ìjà.

Nígbà òtútù, òmíràn tún wà. Epo inú gíá á le, á máa lẹ àwọn irin ibẹ̀ mọ́ra, débi pé ọkọ̀ á fẹ́ máa rìn lọ bá ẹni tó ń yí i bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè kí wọ́n tó yí i. Àwòrán rẹ̀ á dára lójú kámẹ́rà: yìnyín nílẹ̀, èéfín lẹ́nu, táyà kan ń yí lófo.

Pẹ́dàlì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọ̀kankan nínú wọn kò sì rí bí tòde òní. Ti òsì, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ọkọ̀ wọ gíá kékeré. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, kò sí nínú gíá. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá, tí ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ sì ti lọ síwájú, gíá ńlá nìyẹn. Ti àárín ni rìfáàsì. Ti ọ̀tún ni bíréèkì. Awakọ̀ òde òní tó bá tẹ ti òsì mọ́lẹ̀ bíi kílọ́ọ̀ṣì nítorí kó lè dúró, iwájú ni ọkọ̀ máa gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí òṣèré yín fi aga àti bíríkì mẹ́ta kọ́ ọ nílé kó tó dé ibi iṣẹ́.

Gálọ́ọ̀nù 10 ni táǹkì epo gbà, abẹ́ ìjókòó iwájú ló sì wà. Kò ní pọ́ọ̀ǹpù, ńṣe ni epo ń ṣàn lọ sí kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Bí epo bá kù díẹ̀ tí òkè sì ga, iwájú ọkọ̀ á ga ju táǹkì lọ, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Wọ́n á yí ọkọ̀ padà, wọ́n á fi ẹ̀yìn gun òkè. Kò sí gééjì. Awakọ̀ á ní kí èrò iwájú dìde, á gbé ìjókòó, á ti igi bọ inú táǹkì láti mọ iye tó kù. Epo fúnra rẹ̀, inú agolo ni wọ́n ti sábà ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti àdá. Ilé epo tí iléeṣẹ́ Gulf ṣí ní Pittsburgh ní oṣù kejìlá 1913 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò láti yà sí. Ẹ má fi ilé epo sí ìgboro 1908.

Díẹ̀díẹ̀ tó kù lórí mọ́tò: iná iwájú rẹ̀ jẹ́ ti gáàsì títí di 1915, ìṣáná ni wọ́n fi ń tàn án. Lẹ́yìn náà ló di ti ẹ̀rọ, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré ló ṣe ń mọ́lẹ̀, nítorí náà níbi kọ́nà tó ṣókùnkùn, níbi tí awakọ̀ ti dẹ eré, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń dákú. Nínú ọkọ̀ elérò márùn-ún tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1912 títí di 1925, ilẹ̀kùn iwájú lápá òsì, lọ́dọ̀ awakọ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn gidi. Wọ́n kàn tẹ ìrísí ilẹ̀kùn sára irin ni. Apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí sísáré jáde-wọlé yẹn fi ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ọ̀nà náà kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: nígbà tí ìjọba ka ọ̀nà ìgbèríko ní 1904, nǹkan bíi máìlì 7 péré nínú 100 ni wọ́n ti tún ṣe, ẹrẹ̀ àti eruku ni ìyókù. Táyà ń jò. Ti Model T kì í tú kúrò lára ọkọ̀ bí ti ìsinsìnyí kí 1919 tó dé, nítorí náà ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń já rọ́bà kúrò lára ẹsẹ̀ onígi, wọ́n á yọ túùbù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ fún un ní afẹ́fẹ́.

Ó tó lórí mọ́tò. Ilé ìdáná ló ṣe pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ kì í dúró pẹ́.

Ẹ yọ fíríìjì kúrò níbẹ̀. Àpótí yìnyín ni wọ́n ní, àpótí onígi tó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi síńkì tàbí páànù bo inú rẹ̀, tí wọ́n sì ki lẹ́búlẹ́bú igi tàbí kọ́ọ̀kì sáàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì kí ooru má baà wọlé. Òkè ni yìnyín ń jókòó sí, torí afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ kalẹ̀. Wàrà àti ẹran á wà nísàlẹ̀. Omi tó ń yọ́ á gba ihò kékeré kan bọ́ sínú abọ́ lábẹ́ àpótí. Abọ́ yẹn ni ẹ má gbàgbé. Ẹnì kan nínú ilé ní láti dà á nù lójoojúmọ́, bó bá gbàgbé, ilẹ̀ ilé ìdáná á kún fómi. Ihò náà sì ń dí, àwọn nǹkan yíyọ̀ á kó síbẹ̀, àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n á ní láti fi omi gbígbóná pẹ̀lú sódà fọ̀ ọ́.

Ta ló ń gbé yìnyín wá? Ọkùnrin alẹ́sin. Ìyá ilé á gbé káàdì kan sí fèrèsé, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà ní etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 25, 50, 75, 100. Èyí tó bá kọjú sókè ni ìwọ̀n pọ́ùn tó fẹ́. Ọkùnrin náà á fi abẹ yìnyín gé e, á fi ẹ̀mú irin gbé e, á gbé e lé èjìká tó ti fi awọ bò, á wọlé láti ẹ̀yìn. Ìwọ̀n 100 yẹn lé ní kílò 45, ó sì lè jẹ́ àjà kẹrin ló ń gbé e lọ. Àwọn ọmọdé á máa tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà láti ṣa èérún yìnyín mu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń rọ́ yí ẹni tó ń fọ́ áìsì bílọ́ọ̀kù fún ẹlẹ́ja ká. Àwọn ìyá ilé kan máa ń fi ìwé ìròyìn di yìnyín kó má baà tètè yọ́. Ẹ lè lo ìyẹn, torí àṣìṣe tó dùn ún wò ni: yíyọ́ tí yìnyín ń yọ́ ló ń mú kí inú àpótí tutù. Ẹni tó dì í, yìnyín rẹ̀ á pẹ́, wàrà rẹ̀ á kan.

Orí odò àti adágún ni púpọ̀ nínú yìnyín náà ti ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, ní Hudson àti ní Kennebec ní Maine. Nígbà òtútù, ẹṣin á fa ohun èlò tó dà bí ọkọ́ ìtúlẹ̀ lórí omi tó ti dì, á la á ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n á fi ayùn gé e, wọ́n á fi ọ̀pá tì í gba ojú omi lọ sí ilé ńlá tí wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú igi sí, ibẹ̀ ni á wà títí di ìgbà ooru. Bí òtútù ọdún kan kò bá tó, yìnyín á wọ́n, àwọn tálákà ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín ló gba iṣẹ́ náà mọ́ odò lọ́wọ́ nígbà tó yá. Fíríìjì oníná ti ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn 1913, àmọ́ 1920 sókè ni ilé tí kì í ṣe ti olówó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà.

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìfọṣọ. Ẹ má fi ìyàwó ilé sí orí àga níbi tó ti ń kàwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ti rẹ aṣọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dáná sí sítóòfù onígi tàbí eléèédú, ó ti ń pọnmi. Bí ìfọṣọ kan, sísè kan àti ṣíṣàn kan bá gba gálọ́ọ̀nù 50, ó ti tó nǹkan bíi kílò 190 tó gbé láti ojú kànga dé orí iná àti láti orí iná dé inú ọpọ́n, á sì tún gbé e jáde dà nù. Ó ń ha ọṣẹ sínú omi gbígbóná, ó ń fi aṣọ ha pátákó ìfọṣọ tó ní ìlà-ìlà, ó ń se àwọn funfun nínú ìkòkò bàbà tó sì ń fi igi rò ó. Ó ṣàn án. Ó tún ṣàn án nínú omi búlúù. Ẹ̀yin tó mọ búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nílé wa, òun náà ni: aṣọ funfun tó ti ń pọ́n, àwọ̀ búlúù díẹ̀ ló máa mú un tàn lójú. Bó bá pọ̀ jù, ìlà-ìlà á hàn. Òmíràn tún wà tí a kì í rí nínú eré: bí ọṣẹ bá ṣẹ́kù lára aṣọ, tó sì jẹ́ irú búlúù tó ní irin nínú ni wọ́n lò, ọṣẹ náà á tú búlúù ọ̀hún ká, bí áyọ́ọ̀nù bá sì ti kàn án, àmì ìpẹtà á yọ lára aṣọ. Kò sì ní lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó jẹ́ ọjọ́ áyọ́ọ̀nù, ló máa tó rí ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ̀rọ ìfúnṣọ oníròbà méjì ló wà létí ọpọ́n, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i. Bọ́tìnnì máa ń fọ́ nínú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ká bọ́tìnnì náà sínú aṣọ. Ìka ọmọdé máa ń há sínú rẹ̀. Nígbà òtútù, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn á di gbagidi bí pátákó.

Áyọ́ọ̀nù wọn kọ́ ni eléèédú tí ẹ mọ̀, èyí tó ń ṣí lórí tí ẹyin iná ń wà nínú rẹ̀. Irin tó ki ni púpọ̀ nínú ti Amẹ́ríkà, kò ní ihò nínú, orí sítóòfù ni wọ́n ń tò ó sí kó gbóná. Méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò. Bí ọ̀kan bá ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀, òmíràn ń gbóná. Sítóòfù ní láti máa jó látàárọ̀ dọ̀sán, kódà nínú ooru oṣù keje. Á tu itọ́ díẹ̀ sí i láti gbọ́ bó ṣe ń dún, á fi ìda oyin nù ún kó lè máa yọ̀, á sì nu èéfín ìkòkò kúrò nídìí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dúdú á kan aṣọ funfun. Ní gúúsù, ọ̀pọ̀ ilé aláwọ̀ funfun, tí kì í ṣe olówó pàápàá, ni kì í fọṣọ ara wọn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ló ń wá kó o, á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí, á fọ̀ ọ́ ní àgbàlá tirẹ̀, á sì dá a padà ní dídán. Bí ẹ bá ń wá obìnrin tó ń dá gbọ́ bùkátà nínú ìtàn yín, ẹ má tún fi sílé ìdáná ẹlòmíì, ẹ wo àgbàlá yẹn.

Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì ńkọ́? Ní 1907, nǹkan bí ilé 8 nínú 100 ló ní in. Ní 1920, ó di nǹkan bíi 35. Ní oko, kódà nígbà tó di 1930, nǹkan bíi 10 péré ni. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó so gílóòbù, ẹ béèrè ibi tí ilé náà wà. Ní oko, àtùpà kẹrosíìnì ni, ẹnì kan sì ní láti gé òwú rẹ̀ kó sì fọ gíláàsì rẹ̀ lójoojúmọ́. (Kò sẹ́ni tó ń pariwo pé wọ́n ti mú iná lọ, wọn ò tíì gbé e dé.) Ní ìlú tí iná dé, iná ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fà wá, wọn ò ro ti nǹkan mìíràn, nítorí náà ibi tí wọ́n ń ki nǹkan bọ̀ lára ògiri kò wọ́pọ̀. Bí ìyá ilé bá ra áyọ́ọ̀nù oníná ní 1912, ojú gílóòbù lókè àjà ló ń dè é mọ́. Á yọ gílóòbù, á dè é, okùn á máa fì lókè orí rẹ̀. Ó ní áyọ́ọ̀nù, kò ní ìmọ́lẹ̀ mọ́.

Tẹlifóònù náà pín sí ọ̀nà méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ní ìlú ńlá, èyí tó dúró bí ọ̀pá fìtílà ni. Bí ẹ bá ti gbé agbọ́hùn kúrò lára ìkọ́, iná kékeré á tàn ní iwájú ọmọbìnrin tó jókòó ní ilé tẹlifóònù, á béèrè nọ́ńbà, á fi okùn so yín pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí nọ́ńbà tí ẹ ń yí fúnra yín. 1919 ni iléeṣẹ́ tẹlifóònù Bell ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, ní Norfolk ní Virginia. Ní oko, àpótí onígi ló wà lára ògiri, bátìrì gbígbẹ nínú rẹ̀, ọ̀pá ìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ni ilé mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pín. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀, bí àpẹẹrẹ gígùn méjì àti kúkúrú kan, gbogbo ilé ni agogo sì ti ń dún. Kí ni wọ́n á ṣe? Wọ́n á gbé e, wọ́n á máa gbọ́. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Agbọ́hùn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì gbé ń jẹ lára agbára ohùn náà, débi pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn tó ni kì í fi í ṣeé gbọ́ tó. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, á ní kí àwọn kan gbé e sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé eré Yorùbá lè fi olófòófó àti àṣírí ṣe níbẹ̀! Ó yà wá lẹ́nu pé a ò tíì rí i.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn, 25 oṣù kìíní 1915 ni ohùn kọ́kọ́ fi wáyà kọjá láti New York dé San Francisco ní gbangba. Dọ́là 20 àti sẹ́ǹtì 70 ni ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ kò lè pe ọmọ rẹ̀ ní California kó máa sunkún fún ìdajì wákàtí. Lẹ́tà ló máa kọ. Láti 1902 ni ètò gbígbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà ilé àgbẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, láti 1 oṣù kìíní 1913 ni wọ́n sì ti lè fi ẹrù ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kíá ni àwọn ènìyàn ti lo àǹfààní yẹn dójú àmì: ní 1916, ẹnì kan ní Vernal ní Utah fi bíríkì tí wọ́n máa fi kọ́ báńkì kan ránṣẹ́ láti Salt Lake City nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ní páálí-páálí, torí ó dínwó ju ti akẹ́rù lọ. Ìjọba ní láti ṣe òfin tó fi ààlà sí iye tí ènìyàn kan lè fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lójúmọ́.

Ellis Island, erékùṣù ní New York níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àjèjì tó ń wọ Amẹ́ríkà wò: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tún yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Ibi tí ọkọ̀ òkun ti gbéra ni wọ́n ti kọ orúkọ èrò sílẹ̀, ìwé yẹn ni òṣìṣẹ́ ń wò, ògbufọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bani lẹ́rù níbẹ̀ ni dókítà tó ń fi irin ìdè bọ́tìnnì yí ìpéǹpéjú sókè láti wá àrùn ojú, àti ẹfun tí wọ́n fi ń kọ àmì sára kóòtù: H fún ọkàn, L fún ẹsẹ̀, E fún ojú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó yí orúkọ padà, àwọn fúnra wọn ló yí i lẹ́yìn náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbójú fò, torí aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú òṣèré yín. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí, òfin ìyàsọ́tọ̀ wà láàárín rẹ̀ ní gúúsù. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dúdú sábà máa ń wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì gan-an, níbi tí èéfín àti ẹ̀ṣẹ́ná ń bọ́ sí. Nígbà mìíràn ìdajì ọkọ̀ ẹrù ni, kò sí ibi ìjẹun, nítorí náà àwọn èrò ń gbé oúnjẹ wọn dání láti ilé. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ lé ìyá yẹn lọ́wọ́, ẹ fi eruku èédú sí kọ́là aṣọ funfun rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, òfin tuntun ń dé láàárín 1900 sí 1906, àwọn dúdú sì kọ̀ láti wọ̀ ọ́ ní ìlú tó lé ní 25, Mobile ní Alabama wà lára wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di nǹkan bíi 1916 ni àwọn dúdú tó ń ti gúúsù kó lọ sí Chicago, Detroit àti Pittsburgh wá pọ̀ lọ́nà tí a ò rí rí.

Bí ẹ bá sì ń wá ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà lákòókò yẹn, ẹ ò ní láti dá a sílẹ̀ nínú orí yín. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis níbẹ̀, Bantè ni wọ́n ti bí i, láàárín àwọn Yorùbá Ìṣà, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Clotilda, ọkọ̀ òkun tó kó ẹrú, ló gbé e dé Mobile ní 1860, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ dé ra ilẹ̀ nígbà tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n dá ìlú sílẹ̀, Africatown. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Model T dé, nígbà tí tẹlifóònù dé, títí di 1935 tó fi kú. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, ó ṣe é léṣe gan-an. Ó pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ́jọ́, ìgbìmọ̀ adájọ́ aláwọ̀ funfun ní Alabama dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Alabama yí i padà, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi í ṣe ẹni tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn tó sì ń lu agogo. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà débẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara okùn agogo náà, kí a rí ọwọ́ tó fà á kí a tó gbọ́ ọ.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwa tó ń wo ọwọ́ òṣèré